Ilé Kan, Iye Méjì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Verna Dunlap ti fi wọn ilé onílé ní kántì Harlow, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, kí ìwé ilé Royce Templin tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìjọba kántì ń gba owó orí lórí ilé gẹ́gẹ́ bí ilé bá ṣe níye lórí tó, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ dé ìdí ilé náà kó lọ wò ó. Verna ni ẹni náà. Á wọ bàtà rọ́bà, á gún sukurudiráfà mọ́lẹ̀ ní igun ilé, á fi ìkọ́ téèpù onírin kọ́ ọ, á sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ títí á fi dé igun kejì. Kò nílò ẹni tí yóò bá a di etí téèpù mú. Ó fẹ́ràn kó máa dá ṣiṣẹ́.

Kántì méjìdínláàádọ́rùn-ún ló wà ní Ohio, ṣùgbọ́n lójú àwọn ará Harlow méjì péré ni: tiwọn, àti Whitcomb tó wà ní òdìkejì odò. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹfà bá ti ń lọ sópin, ìwé ìròyìn kan ní olú-ìlú a máa to àwọn kántì tó lọ́rọ̀ jù lẹ́sẹẹsẹ. Ohun méjì ni wọ́n fi ń tò wọ́n: owó tó ń wọlé fún agboolé kan lọ́dún, àti iye tí àwọn onílé fẹnu ara wọn sọ pé ilé àwọn tó. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí Whitcomb ti ń gba ipò kìíní, ohun tó sì fi ń ju Harlow lọ kò tó nǹkan. Ìyẹn gan-an ló ń dùn wọ́n. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí pápá gọ́ọ̀fù, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, bí ẹni pé àwọn ará Whitcomb ló wọlé kó wọn lẹ́rù.

Ohun kan wà síbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Verna mọ̀ dáadáa. Àwọn kan náà tó fẹ́ kí ilé wọn tóbi nínú ìwé ìròyìn ní oṣù kẹfà ni wọ́n máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní oṣù kẹta láti kọ̀wé ẹ̀sùn pé ìjọba ti gbé iye ilé àwọn ga jù, pé òrùlé ń jò, pé ìpìlẹ̀ ti ń sán. Dwight Amstutz, ọ̀gá ọ́fíìsì náà, tí Verna fi ọdún mẹ́rìnlá jù lọ, a máa sọ ọ́ nídìí kọfí pé, ní Harlow, olówó ni gbogbo wa, títí agbowó-orí á fi kanlẹ̀kùn. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Verna náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kì í dé ojú.

Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni Verna bá wá sí ọ́fíìsì yẹn.

Bàbá rẹ̀, Orville Stuckey, ní éékà mọ́kànlá lẹ́bàá odò nígbà kan. Ọgbà ápù ni gbogbo rẹ̀, ilé pákó kékeré kan sì wà láàárín. Royce Templin, tó ń kọ́ ilé tà, ti ra gbogbo oko tó yí i ká. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá bá Orville pé kó ta tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Orville bu kọfí fún un, tó jẹ́ kó mu ún tán, tó wá sọ fún un pé òun ò tà. Templin kò bínú, kò sì halẹ̀. Ó lọ kọ̀wé. Lásìkò yẹn, òfin gbà kí ẹni tó bá ní ilé ní kántì kan fi ẹ̀sùn kan ilé ẹlòmíì pé iye tí ìjọba kọ sí i kéré jù. Ohun tí Templin ṣe nìyẹn. Ó ní ọgbà Stuckey kì í ṣe oko mọ́, ilẹ̀ ìkọ́lé ni, kí wọ́n gba owó orí ilẹ̀ ìkọ́lé lórí rẹ̀.

Wọ́n pe Orville síwájú ìgbìmọ̀ tó ń tún iye ilé yẹ̀ wò. Àga onígi kan wà níwájú wọn níbi tí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ń jókòó. Orville wọ kóòtù dúdú tó fi sin Alice ìyàwó rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Verna jókòó lẹ́yìn, ẹ̀yìn orí bàbá rẹ̀ nìkan ló ń rí. Nígbà tó búra tán, wọ́n bi í pé ìgbà wo ló ta ápù gbẹ̀yìn. Ẹlòmíì ì bá sọ pé èṣí. Orville sọ pé ó ti di ọdún mẹ́ta, pé láti ìgbà tí àìsàn ti dá Alice wólẹ̀, àwọn ará ìjọ ló ń wá ká a lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn ló jẹ́ kí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ìgbìmọ̀, ilẹ̀ tí kò mú ọjà wá kì í ṣe oko. Wọ́n gbé iye rẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta dọ́là lọ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó, owó orí tó sì bá a wá ju ohun tí bàbá arúgbó kan lè san lọ.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Templin dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fọwọ́ lé e léjìká, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni ń gba ọmọdé níyànjú.

"Ẹ má mú un ní ìjà, Bàbá Stuckey," ni ó wí. "Ohun tó bá tó ni kálukú máa san."

Kí ọdún náà tó parí, Orville ti ta ilẹ̀ náà fún un. Templin hú àwọn igi ápù, ó kọ́ ilé mẹ́tàlélógún síbẹ̀, ó sì gbẹ́ orúkọ àdúgbò náà sára òkúta ńlá kan ní ẹnubodè: Ọgbà Stuckey. Àwọn olówó fẹ́ràn orúkọ tó bá dún bíi ti àtijọ́. Ilé tó tóbi jù nínú wọn, ara rẹ̀ ló kọ́ ọ fún.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí Verna fi lọ bèèrè iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilé. Orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, Dunlap, ló ń jẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni. Ó kọ́ iṣẹ́ náà títí ó fi lè wo ilé láti ojú títì kó sọ iye yàrá tó wà nínú rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣe màgòmágó, kò sì gba kọfí lọ́wọ́ onílé kankan. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹta bá ti dé, á dúró nídìí àpótí tí wọ́n ń ju ìwé ẹ̀sùn sí, á máa yẹ orúkọ wò. Templin kì í sí níbẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni, iye tí wọ́n kọ sí ilé rẹ̀ kò ga, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ọdún ń gorí ọdún. Ogún ọdún ń bọ̀ wá di ọ̀la, ni àwọn àgbà wí, Verna sì ń kà á.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kí Verna fẹ̀yìn tì ni Dwight ti ìwé kan sí i lórí tábìlì. Ọ́fíìsì ti tún iye gbogbo ilé ṣe lọ́dún yẹn, ilé Templin sì ti gòkè dé mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Templin ní mílíọ̀nù méjì géérégé ló tó. Ìwà ahun ti borí ọgbọ́n.

"Ti Templin nìyí, Verna," ni Dwight wí. "Ẹ fara balẹ̀ fún un o. Ó lẹ́nu, ó sì mọ gbogbo ẹni tó ń dìbò fún ọ̀gá àgbà tó wà lókè wa."

Ìwé kan máa ń wà lójú fáìlì kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, pé kò sí ìbátan, òwò tàbí ìjà láàárín òun àti onílé. Bó bá wà, kó gbé fáìlì náà fún ẹlòmíì. Verna ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún méjì, kò sì purọ́ rí. Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí èyí náà.

Ó dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún. Templin fúnra rẹ̀ ló jáde sí i, ife kọfí lọ́wọ́, irun funfun tí wọ́n gé dáadáa. Ó ti di ẹni àádọ́rin ọdún, ara rẹ̀ sì le. Ó wo Verna láti òkè dé ilẹ̀, kò dá a mọ̀.

"Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n rán wá?" ló bi í.

"Èmi nìkan ni."

"Á jẹ́ pé ibí lẹ máa jẹun ọ̀sán sí. Ẹ má fa téèpù yẹn bí awọ o, màmá. Bó ṣe gùn mọ ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀."

Ó fi kọfí lọ̀ ọ́. Verna ní òun kì í mu ún lẹ́nu iṣẹ́. Ó yí lọ sí igun ilé tó kọjú sódò, ó gún sukurudiráfà mọ́lẹ̀, ó sì dúró díẹ̀ kó tó fi téèpù kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni òpó tí ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ sí wà rí. Kò nílò àmì kankan láti mọ̀ ọ́n; bí odò ṣe rí láti ibẹ̀ ti tó. Nínú gbogbo ọgbà náà, igi ápù kan ṣoṣo ni Templin dá sí, lẹ́yìn ilé, ó sì ri iná mọ́lẹ̀ nídìí rẹ̀ kí àlejò lè máa rí i lálẹ́. Verna wọn gbogbo ara ilé náà bó ṣe máa ń wọn ilé. Kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún un, kò sì yọ kankan. Ó ti pinnu bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ọjọ́ tí ọjọ́ yẹn bá dé, òtítọ́ ni yóò fi na ọkùnrin náà, nítorí òtítọ́ ni wọ́n fi na bàbá òun.

Nígbà tó parí, ó bèèrè yàrá abẹ́ ilẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni Templin wí. "Sìmẹ́ńtì lásán. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, àti ajá méjì tí kò fẹ́ràn àlejò."

"Ṣé mo lè yọjú wò ó?"

"Ẹ lè kọ ohun tí mo sọ."

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé òṣìṣẹ́ kò lè fipá wọ ilé. Verna kọ ọ́ sílẹ̀ pé onílé kò jẹ́ kí òun wọ abẹ́ ilẹ̀. Ó ti rí i tẹ́lẹ̀ pé aṣọ tó nípọn ló bo gbogbo fèrèsé abẹ́ ilẹ̀ náà, pé ẹ̀rọ amúlétutù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀rọ méjì mú sìmẹ́ńtì lásán tutù. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí látẹ̀yìn ògiri kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ká téèpù rẹ̀, ó lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún, aṣọ fèrèsé lásán sì fẹ́ dí i lọ́wọ́.

Ẹnu ẹyẹ ló ń pa ẹyẹ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Verna lọ kí bàbá rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Orville ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́, ojú rẹ̀ sì ti bàìbàì, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì pé. Ó bá a ní gbọ̀ngàn tí wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́yìn oúnjẹ, ìwé ìròyìn aláwòrán kan ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Harlow ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì ń pín in káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́, dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín àti ilé àwọn arúgbó. Bàbá náà fi ìka kan fọ́tò.

"Igi Alice rèé," ló wí.

Verna bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Igi ápù náà ni lóòótọ́, pẹ̀lú iná nídìí rẹ̀, àti ilé Templin lẹ́yìn. Ojú ìwé mẹ́fà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ilé náà. Orville ní kó ka ohun tí wọ́n kọ, nítorí ojú òun kò gbé e. Verna kà á sókè. Templin mú àwọn oníròyìn wọ inú ilé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ya gbogbo rẹ̀. Nísàlẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀, yàrá sinimá oníjókòó mẹ́rìndínlógún wà níbẹ̀; ibi ìmutí tí wọ́n fi bàbà pupa bò wà níbẹ̀; yàrá tí ẹgbẹ̀rún méjì ìgò wáìnì ń sùn sí náà wà níbẹ̀. Ìdí tó fi ṣe é kò farasin. Òun ni alága ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ náà sì ń rọ àwọn onílé pé bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè iye ilé wọn fún ètò ipò kántì, kí wọ́n má tijú. Lábẹ́ fọ́tò ibi ìmutí, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an: "Ilé yìí kò kéré sí mílíọ̀nù mẹ́rin. Bí Whitcomb bá tún jù wá lọ lọ́dún yìí, kì í ṣe ilé tèmi ló fà wá sẹ́yìn."

Nígbà tó kà á tán, Orville yíjú sí i.

"Ṣé Templin ti jókòó sí àga ìgbìmọ̀ yẹn rí?" ló bi í.

"Rárá, Bàbá. Lọ́jọ́ tiwa, ẹsẹ̀ ló dúró lé. Ìwé ló fi ṣe tirẹ̀."

"Mo fẹ́ kó jókòó sí i kí n tó kú," ni bàbá náà wí. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń bèèrè omi. Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Verna ká ìwé ìròyìn náà sínú àpò rẹ̀.

Nígbà tó fi í sínú fáìlì, Dwight rí i. Ó ka ojú ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló pa ilẹ̀kùn dé. Ó ti fura. Ó béèrè lọ́wọ́ Verna bóyá nǹkan kan wà láàárín rẹ̀ àti ọkùnrin yìí, nítorí bó bá wà, kó gbé fáìlì náà fún òun báyìí, òun á wá ẹlòmíì sí i, ìwé ìròyìn náà á sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí Verna níbẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù fún un. Ó ní kó ro ti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ogún ọdún kò ní pé bí wọ́n bá lé e.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Dwight sọ, Verna sì mọ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹlòmíì bá òun nà án.

"Kò sí nǹkan kan, Dwight," ló dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Verna. Ẹ wò mí lójú kẹ́ ẹ tún un sọ."

Ó wò ó lójú, ó tún un sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan láàárín oṣù kẹfà ni ìgbìmọ̀ jókòó. Yàrá kan náà ni. Wọ́n ti pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì àti iná, ṣùgbọ́n àga onígi náà ṣì wà níwájú tábìlì, apá rẹ̀ ọ̀tún ń mì bó ṣe ti máa ń mì láti ọdún tí Verna ti ń bọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí àtiṣe é. Ẹni mẹ́ta ni ìgbìmọ̀. Alága wọn ni Marlene Oberholt, obìnrin kan tó ti ń ta irinṣẹ́ oko kó tó bọ́ sídìí òṣèlú, tí kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Àwọn onílé bíi ogún ló jókòó sẹ́yìn, tí wọ́n ń dúró kí ó kan tiwọn. Oníròyìn kan láti ìwé ìròyìn ìlú náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ipò kántì ló ń kọ lọ́wọ́.

Templin búra, ó jókòó. Verna rí i tí ara rẹ̀ balẹ̀ sínú àga náà. Lọ́yà tó bá a wá, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kessler, bi í ní ìbéèrè mélòó kan. Ó dáhùn dáadáa. Ó ní ilé náà ti ń darúgbó. Ó ní sìmẹ́ńtì lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá kan Verna. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ka ohun tó wọn, ó sì mú ìwé ìròyìn náà jáde, ó ṣí i sí ojú ìwé tí ibi ìmutí wà, ó tẹ́ ẹ síwájú ìgbìmọ̀. Ariwo kékeré kan gba ẹ̀yìn yàrá náà kọjá. Àwọn kan nínú wọn ti gba ẹ̀dà tiwọn nílé. Ilé àwọn kan wà nínú rẹ̀.

Kessler, tó ti wádìí Verna kó tó wá, kò fi àkókò ṣòfò. Ó ti rí i pé ìwé ìròyìn náà ni ọ̀bẹ, ó sì yí sí ọwọ́ tó mú un wá.

"Mísíìsì Dunlap, Dunlap jẹ́ orúkọ ọkọ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Orúkọ wo lẹ ń jẹ́ nílé bàbá yín?"

Verna ti mọ̀ pé ìbéèrè yẹn á wá. Ó ti gbáradì fún un láàárọ̀, nígbà tó ń wọ aṣọ. "Stuckey," ló dáhùn.

"Bíi ti òkúta tó wà ní ẹnubodè àdúgbò Ọ̀gbẹ́ni Templin?"

"Òun gan-an. Ilẹ̀ bàbá mi ni. Àga tí Ọ̀gbẹ́ni Templin jókòó sí yẹn ni bàbá mi jókòó sí nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Templin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Templin yíjú wò ó. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Kessler ti gbé ìwé tí Verna fọwọ́ sí sókè, ó sì ń sọ fún ìgbìmọ̀ pé òṣìṣẹ́ yìí purọ́, pé ìjà ló gbé wá, pé kí wọ́n da gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nù. Dwight tó jókòó nítòsí fi ọwọ́ bo ojú. Marlene Oberholt bi Verna bóyá òtítọ́ ni. Verna ní òtítọ́ ni. Alága náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì sọ pé àwọn ò ní lo ohun tí Verna wọn, kó lọ jókòó. Verna lọ jókòó sẹ́yìn, sí ibi tó jókòó sí lọ́jọ́ ti bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ti tán lójú ẹsẹ̀ yẹn. Kò dùn ún tó bó ṣe rò.

Kessler bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ jọ. Marlene kò tíì ti ìwé ìròyìn náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ti Mísíìsì Dunlap," ló wí. "Ó wà lórí tábìlì dókítà eyín mi. Ọ̀gbẹ́ni Templin, ẹ ṣì wà lábẹ́ ìbúra. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò yìí?"

"Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ni," ni Templin wí. "Gbogbo wa la máa ń sọ irú rẹ̀, nítorí kántì wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí."

"Mo mọ̀ bó ṣe rí. Ibi ìmutí yìí, ṣé ó wà lábẹ́ ilé yín àbí kò sí?"

Ọwọ́ ọ̀tún Templin di apá àga náà mú, apá náà ń mì, ó sì ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́, gbogbo yàrá ń gbọ́ ọ. Bó bá ní ó wà, ó ti búra èké lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yẹn. Bó bá ní kò sí, òpùrọ́ ni lójú gbogbo Harlow, oníròyìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń kọ ọ́. Marlene wo aago rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ láṣẹ láti béèrè pé kí onílé jẹ́ kí àwọn lọ fojú rí i. Kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ pẹ̀lú ọkọ̀. Kí ó sọ bó bá gbà, kí wọ́n máa lọ nísinsìnyí.

"Ó wà," ni Templin wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn sókè kí wọ́n lè kọ ọ́."

"Mo ní ó wà."

Kò gba ìgbìmọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ka ìpinnu wọn sókè níwájú gbogbo ènìyàn: mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, iye tí onílé fẹnu ara rẹ̀ sọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìbúra náà á lọ síwájú agbẹjọ́rò ìjọba kántì. Kí ó tó di ọ̀sán, àwọn mẹ́sàn-án nínú àwọn tó jókòó sẹ́yìn ti lọ bá akọ̀wé pé àwọn fẹ́ gba ìwé ẹ̀sùn àwọn padà.

Verna dúró de Templin lẹ́nu ọ̀nà. Kessler fẹ́ fa Templin kọjá, ṣùgbọ́n Verna ti wà lójú ọ̀nà, ó sì fọwọ́ lé ọkùnrin náà léjìká bí òun náà ṣe fọwọ́ lé ti bàbá Verna. Kóòtù dáadáa ni Templin wọ̀, ara rẹ̀ sì ń gbóná lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má mú un ní ìjà, Ọ̀gbẹ́ni Templin," ló wí. "Ohun tó bá tó ni kálukú máa san."

Ó rí i lójú rẹ̀ pé kò rántí ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn nìkan ló bí i nínú lọ́jọ́ yẹn.

Dwight ló gba bírò àti káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ó ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì gbé àpótí rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ fún un. Ogún ọdún kò pé. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dín kù, lẹ́tà tó ní pé ó purọ́ lórí ìwé ìjọba sì wà nínú fáìlì rẹ̀ títí ayé. Dwight bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà tó ohun tó pàdánù. Verna ní bí wọ́n bá ní kí òun tún un ṣe lọ́la, òun á tún fọwọ́ sí i. Ó fi téèpù rẹ̀ sínú àpò, nítorí owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn olú-ìlú jáde. Whitcomb ló tún ṣe kìíní. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Harlow fagi lé àsè tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀, wọ́n sì yan alága mìíràn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbìmọ̀ gan-an, láti ibẹ̀ tààrà ni Verna ti lọ bá bàbá rẹ̀. Ó bá a níwájú àwo oúnjẹ ọ̀sán, páì ápù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn. Ó jókòó, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìbúra dé orí iye tí wọ́n kà sókè. Orville ní kó tún iye náà sọ. Ó tún un sọ. Ó béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí i níbi iṣẹ́, Verna ní wọ́n á ní kí òun máa lọ sílé. Bàbá náà mi orí. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì dúpẹ́. Ó mú ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ páì náà.

"Àga yẹn," ló wí nígbà tó yá, "ṣé apá rẹ̀ ọ̀tún ṣì ń mì?"

"Ó ń mì, Bàbá. Ó ń dún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

Orville jẹ ìyókù páì rẹ̀ tán, ó nu ẹnu.

"Èmi ni mo dì í mú títí ó fi dá, lọ́jọ́ tiwa," ló wí.